Ọmọ tí kò ríran, tí kò sì gbọ́ràn: Ẹ̀kọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì fún olùkọ́ rẹ̀ lè dé Òkákà

Ilé-ìwé afọ́jú wà, ilé-ìwé adití náà wà. Ẹni tó bá bí ọmọ tí ojú rẹ̀ fọ́ ní Òkákà, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìtẹ̀síwájú, lè rí ẹni tí yóò júwe ọ̀nà fún un, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀nà náà jìn. Ẹni tí etí ọmọ tirẹ̀ di náà yóò rí ẹni tí yóò sọ fún un pé kó gbé ọmọ náà lọ sí Ìbàdàn tàbí sí Ọ̀yọ́. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé ojú àti etí ọmọ kan ṣoṣo ló kọ iṣẹ́ sílẹ̀ papọ̀ ńkọ́? Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti ń di kókó mọ́ òbí lọ́wọ́.

Ìdí rẹ̀ kò fara sin. Ohùn ni olùkọ́ ilé-ìwé afọ́jú fi ń kọ́ni. Yóò sọ̀rọ̀, ọmọ yóò gbọ́, ìka ọmọ yóò sì tẹ̀ lé ohun tí etí rẹ̀ gbọ́ lórí ìwé Braille. Ojú ni olùkọ́ ilé-ìwé adití gbára lé ní tirẹ̀. Yóò ju ọwọ́, yóò yí ojú padà, yóò kọ nǹkan sójú pátákó, ọmọ yóò sì máa wò ó. Bí wọ́n bá mú ọmọ tí kò ní méjèèjì lọ sí ti àkọ́kọ́, kò ní gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ. Bí wọ́n bá mú un lọ sí èkejì, kò ní rí ọwọ́ tí wọ́n ń jù. Ilé ni yóò padà sí. Bí òbí kò bá ṣọ́ra, yàrá ẹ̀yìn ni ọmọ náà yóò ti dàgbà, tí àlejò tó bá wá kí wọn kò ní mọ̀ pé ó wà níbẹ̀.

Yorùbá ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Fún irú ọmọ báyìí, ọwọ́ lọ̀rọ̀ wà. Ohun tí ọwọ́ rẹ̀ kò bá kàn, kò sí láyé rẹ̀. Ìyá rẹ̀ lè jókòó tì í ní ìwọ̀n apá kan kó má mọ̀ pé ènìyàn wà nítòsí. Oúnjẹ á ṣàdédé dé ẹnu rẹ̀, omi tútù á ṣàdédé dà sí i lára, ẹnìkan á gbé e nílẹ̀ lójijì, kò mọ ẹni tó gbé e, kò sì mọ ibi tí wọ́n ń gbé e lọ. Àgbàlagbà tí wọ́n bá ṣe bẹ́ẹ̀ fún ní ọjọ́ kan péré, igbe ni yóò ké. Ìdí rèé tí àwọn kan nínú àwọn ọmọ yìí fi ń gbá orí mọ́ ògiri, tí wọ́n ń ti ìka bọ ojú ara wọn, tí wọ́n ń gé ẹni tó bá sún mọ́ wọn jẹ. Àwọn ará àdúgbò á ní orí rẹ̀ ló dà rú. Bẹ́ẹ̀, orí náà lè pé pérépéré. Kò kàn sí ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ fi wọlé ni, kò sì sí èyí tó fi jáde.

Wọn kì í ṣe ènìyàn kéréje. Àjọ àgbáyé tí àwọn tí kò ríran tí kò sì gbọ́ràn dá sílẹ̀ fúnra wọn, ìyẹn World Federation of the Deafblind, gbé ìròyìn kan jáde ní ọdún 2018. Wọ́n ṣírò rẹ̀ níbẹ̀ pé nínú ènìyàn 1,000, ó tó ènìyàn 2 tí ojú àti etí wọn bà jẹ́ gan-an papọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ arúgbó. Kí ẹ̀yin àgbà tó ń ka ìwé ìròyìn yìí má sì rò pé ọ̀rọ̀ ọmọdé nìkan la ń sọ: bàbá tí ojú rẹ̀ ti ń ṣú, tí ẹ gbọ́dọ̀ pariwo sí létí kó tó dáhùn, ti ń rin ọ̀nà kan náà lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ti ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu kó tó di pé ilẹ̀kùn méjèèjì ń tì. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín òun àti ọmọ tí a bí bẹ́ẹ̀ nìyẹn. Ọmọ náà kò tíì mọ̀ pé nǹkan ní orúkọ.

Kì í sì í ṣe gbogbo wọn ni òkùnkùn bò pátápátá. Òmíràn ń rí ìmọ́lẹ̀ tàbí òjìji ènìyàn tó ń kọjá. Òmíràn ń gbọ́ bí wọ́n bá lu ìlù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò gbọ́ ọ̀rọ̀. Ìwọ̀nba tó ṣẹ́ kù yìí ni olùkọ́ tó mọṣẹ́ yóò wá rí, tí yóò sì dì mú. Ẹni tí kò mọṣẹ́ yóò ní kò ríran, kò gbọ́ràn, ó parí.

Ohun tó ń fa ìṣòro yìí pọ̀. Ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé tí wọ́n fi bí i lè bá a pàdé. Àrùn yírùnyírùn tó máa ń mú kí ọrùn le lè pa etí ọmọ, nígbà mìíràn á sì kan ojú pẹ̀lú. Àwọn kan wà tí a bí ní adití tí ojú wọn dára, àmọ́ bí wọ́n ṣe ń dàgbà ni ojú ń bẹ̀rẹ̀ sí í kú, alẹ́ ló sì ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Ọmọ adití tó ń kọsẹ̀ lára àga tó mọ̀ dáadáa nígbà tí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, tí ń ta ife omi dànù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀, kì í ṣe oníjàgídíjàgan. Usher ni àwọn dókítà ń pe àìsàn náà, inú ìdílé ló sì ti ń wá. Kí òbí rẹ̀ tètè gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú.

Èyí tó ṣeni láàánú jù nínú wọn ni rubella, nítorí pé ó ṣeé dènà. Bí àìsàn yìí bá mú àgbàlagbà, ìba díẹ̀ ni, ara á sú wéréwéré, ọjọ́ mélòó kan á sì kọjá. Ṣùgbọ́n bó bá mú aláboyún ní oṣù mélòó kan àkọ́kọ́, ó lè ba ojú, etí àti ọkàn ọmọ inú rẹ̀ jẹ́. Dókítà ojú kan ní Ọsirélíà, Norman Gregg, ló kọ́kọ́ kíyè sí i ní ọdún 1941, nígbà tí àwọn ìyá ń gbé ọmọ ọwọ́ tí nǹkan funfun bo ẹyinjú wọn wá bá a lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí àìsàn náà jà ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1964 sí 1965, nǹkan bí 20,000 ọmọ ni wọ́n bí pẹ̀lú àbùkù tó fà. Lára ìdí tí Amẹ́ríkà fi sáré kọ́ olùkọ́ fún irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ nìyẹn. Ní Nàìjíríà, oṣù kẹwàá ọdún 2025 ni ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ọmọdé ní àjẹsára measles àti rubella papọ̀. Àwọn tí wọ́n bí ṣáájú ìgbà náà, tí nǹkan ti ṣẹlẹ̀ sí, wà láàárín wa, ilé-ìwé sì tọ́ sí wọn.

Ta ni yóò wá kọ́ wọn? Kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọba àpapọ̀ tó ń kọ́ àwọn olùkọ́ ọmọ tó ní àbùkù ara wà ní ìlú Ọ̀yọ́ láti ọdún 1977. Yunifásítì Ìbàdàn náà ní ẹ̀ka tó ń kọ́ àwọn olùkọ́ bẹ́ẹ̀. Láti Òkákà, ẹni tó bá gba Ìṣẹ́yìn kọjá yóò dé Ọ̀yọ́ kí oòrùn tó kan àtàrí. Nípa ibi tí ìmọ̀ wà, Òkè-Ògùn kò jìn sí i tó bí àwọn kan ṣe rò. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá lọ kẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀ máa ń yan ẹ̀ka kan: àwọn kan ń kọ́ nípa etí, àwọn kan nípa ojú, àwọn kan nípa ọpọlọ. Ọmọ tí a ń wí yìí kò jókòó sínú ẹ̀ka kankan. Èdè ọwọ́ tí wọ́n fi ń kọ́ adití, tí a bá fi kún Braille tí wọ́n fi ń kọ́ afọ́jú, kò tíì di ẹ̀kọ́ tirẹ̀. Ohun mìíràn ni, ó sì gbọ́dọ̀ ní olùkọ́ tó kọ́ ọ lọ́tọ̀.

Ìrírí yìí kò ṣàjèjì lágbàáyé. Ilé-ìwé afọ́jú Perkins ní Massachusetts, ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1829, ni wọ́n mú ọmọbìnrin ọlọ́dún 7 kan wá ní 1837. Laura Bridgman lorúkọ rẹ̀. Àìsàn ti gba ojú àti etí rẹ̀ láti kékeré. Dókítà Samuel Howe, tó jẹ́ olórí ilé-ìwé náà, lẹ ọ̀rọ̀ tó hù síta mọ́ ara ṣíbí, ọ̀bẹ àti kọ́kọ́rọ́, ó ń jẹ́ kí ọmọ náà fi ọwọ́ pa á títí tó fi yé e pé ohun tí ìka òun ń kà ni nǹkan tó wà lọ́wọ́ òun ń jẹ́. Ó ń kọ gbogbo ohun tó ṣe sílẹ̀, bí ó ṣe yege àti bí ó ṣe kùnà.

Ní àádọ́ta ọdún lẹ́yìn ìgbà náà, ìdílé Keller ní Alabama kọ̀wé sí Perkins pé àwọn ní ọmọ kan, Helen, tí àìsàn sọ di afọ́jú àti adití nígbà tó wà ní ọmọ oṣù 19. Anne Sullivan, ọmọbìnrin ọlọ́dún 20 tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní Perkins, ni wọ́n fẹ́ rán lọ. Kò kọ́ iṣẹ́ náà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kankan. Ó jókòó fún oṣù bíi mélòó kan, ó ń ka àkọsílẹ̀ tí Howe fi sílẹ̀, Howe tìkára rẹ̀ sì ti kú. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìwé nìkan. Laura Bridgman ṣì wà ní Perkins nígbà náà, àgbàlagbà ti dé sí i, Anne sì ti bá a gbé, ó ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ìka sípẹ́lì ọ̀rọ̀ sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Oṣù kẹta ọdún 1887 ló dé Alabama. Ní oṣù kẹrin, lẹ́bàá ẹ̀rọ omi, Helen mọ̀ pé omi ní orúkọ. Ní 1904, ó gboyè ní kọ́lẹ́ẹ̀jì Radcliffe.

Ìtàn yìí ti di ti gbogbo ayé, a sì máa ń sọ ọ́ bí ẹni pé iṣẹ́ ìyanu ni. Apá tó kan olùkọ́ Òkákà nínú rẹ̀ ni pé ẹni tó kọ́ Helen kà nípa iṣẹ́ náà láti ọwọ́ ẹni tí kò sí nítòsí, lẹ́yìn náà ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kan ọwọ́ ẹni tó ń lo èdè náà. Bí ọ̀kan bá yọ nínú méjèèjì, kò dájú pé Anne ìbá rí iṣẹ́ náà ṣe.

Lónìí, ohun tó dà bí àkọsílẹ̀ Howe ti wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ibùdó kan tí ìjọba Amẹ́ríkà ń ná owó lé lórí, National Center on Deaf-Blindness, ṣe ẹ̀kọ́ kan tí wọ́n pè ní Open Hands, Open Access. Ó ní ìpín 27. Wọ́n ṣe é fún ẹni tí yóò máa jókòó ti ọmọ kan ṣoṣo, tí yóò máa fi ọwọ́ ṣe ojú àti etí fún un. Fídíò pọ̀ nínú rẹ̀: ènìyàn lè rí bí olùkọ́ ṣe ń kí ọmọ, bí ó ṣe ń dúró dè é, bí ó ṣe ń bá a jẹun. Perkins náà ń kọ́ àwọn olùkọ́ láti orílẹ̀-èdè mìíràn, ó sì ti kó púpọ̀ nínú ìmọ̀ rẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó ti pẹ́ tí Yunifásítì Birmingham ti ń kọ́ olùkọ́ àwọn ọmọ yìí láti ọ̀nà jíjìn, kí íntánẹ́ẹ̀tì tó gbòde rárá. Òfin ibẹ̀ sì sọ pé ẹni tó bá ń kọ́ kíláàsì irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ gba ìwé-ẹ̀rí tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ní ilẹ̀ aláwọ̀ dúdú, kò jìnnà púpọ̀ sí wa, ní Mampong Akuapem ní Gánà, ibùdó kan wà fún àwọn ọmọ yìí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé-ìwé adití tó wà níbẹ̀.

Kí ni ẹ̀kọ́ náà ń sọ gan-an? Ó ń sọ ohun tó jọ kékeré lójú.

Àkọ́kọ́ jù ni ọ̀rọ̀ ọwọ́ wíwọ́. Bí a bá fẹ́ kọ́ ọmọ ní nǹkan nílẹ̀ wa, ọrùn ọwọ́ ọmọ la máa ń dì mú, tí a ó fi tipátipá gbé e lọ sí ibi tí a fẹ́. Olùkọ́ ọmọ tí kò ríran tí kò gbọ́ràn kò gbọdọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ ọmọ náà ni ojú rẹ̀. Ẹni tó bá fa ọwọ́ rẹ̀ dà bí ẹni tó di orí ènìyàn mú tó ní kó wo apá ibí. Abẹ́ ọwọ́ ọmọ ni olùkọ́ ń ti ọwọ́ tirẹ̀ bọ̀. Ọwọ́ olùkọ́ wà nísàlẹ̀, ti ọmọ wà lókè, ọmọ ń tẹ̀ lé e bí ó ṣe fẹ́, ó sì lè yọ ọwọ́ rẹ̀ kúrò nígbàkígbà tó bá wù ú. Olùkọ́ tó ti ń lo ẹgba fún ogún ọdún yóò rí i pé èyí kì í ṣe ìyípadà kékeré.

Lẹ́yìn èyí ni orúkọ. Ẹnikẹ́ni tó bá ń sún mọ́ ọmọ náà gbọ́dọ̀ ní àmì tirẹ̀ tí ọmọ yóò fi mọ̀ ọ́n. Ìyá lè jẹ́ ẹ̀gbà ọwọ́ tí kì í bọ́. Ìyá àgbà lè jẹ́ ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn. Bàbá lè jẹ́ irùngbọ̀n. Bí wọ́n bá dé, wọ́n á rọra fọwọ́ kan èjìká rẹ̀, wọ́n á dúró, wọ́n á jẹ́ kó fi ọwọ́ wá àmì náà kí wọ́n tó ṣe ohunkóhun. Bí wọ́n bá ń lọ, wọ́n á dágbére. Ọmọ tó bá mọ ẹni tó dé kì í fi bẹ́ẹ̀ gé ènìyàn jẹ.

Ohun kọ̀ọ̀kan tí wọ́n fẹ́ ṣe náà á ní àmì. Kí wọ́n tó wẹ̀ fún un, kàn-ìn-kàn-ìn á kọ́kọ́ bọ́ sí i lọ́wọ́. Kí wọ́n tó fún un lóúnjẹ, ṣíbí á dé. Bí wọ́n bá fẹ́ gbé e lọ sóko, wọ́n á fi fìlà tó ń dé lọ sóko lé e lọ́wọ́. Bí ó bá pẹ́ díẹ̀, wọ́n á to àwọn nǹkan yìí sínú igbá tàbí páálí kéékèèké lọ́wọ̀ọ̀wọ́, láti òwúrọ̀ dé alẹ́, kí ọmọ náà lè fi ọwọ́ kà á pé ìwẹ̀ ló kọ́kọ́ wà, oúnjẹ ló tẹ̀ lé e, ibi ìṣeré ló kù. Èyí tí wọ́n bá ti ṣe tán, wọ́n á jù ú sínú apẹ̀rẹ̀ ọ̀tọ̀. Jan van Dijk, ọmọ ilẹ̀ Netherlands tó kú ní 2018, wà lára àwọn tó sọ ìlànà yìí di mímọ̀ káàkiri ayé. Kò ná ẹnikẹ́ni ní ju igbá mẹ́rin lọ. Fún ọmọ tí ayé rẹ̀ jẹ́ ìdágìrì láràárọ̀, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí yóò ní ọ̀la.

Abúlé gan-an ní ohun tí ìlú ńlá kò ní nínú iṣẹ́ yìí. Bí wọ́n bá ń gún iyán, ilẹ̀ ń mì, ẹsẹ̀ ọmọ ń gbọ́ ọ. Kí wọ́n fi ọwọ́ rẹ̀ lé ara odó. Kí ó fọwọ́ kan iṣu kí wọ́n tó bẹ ẹ́, kó kàn án lẹ́yìn tí wọ́n bẹ ẹ́, kó kàn án nígbà tó ti jinná tó sì tutù, kó tó wá kan iyán. Ọmọ tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ yóò mọ ibi tí iyán ti ń wá. Awọ ìlù, ẹ̀yìn ewúrẹ́, èéfín igi, òórùn irú: gbogbo wọn jẹ́ ìwé kíkà. Fídíò tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà kò ní fi èyí hàn olùkọ́. Òun ni yóò rò ó fúnra rẹ̀.

Ibi tí ìṣòro wà nìyí o. Ẹ̀kọ́ nípa ìfọwọ́kàn ni, ojú fóònù sì kò ṣeé fọwọ́ kàn. Olùkọ́ lè wo fídíò kan nígbà ogún, kó má mọ bí ọwọ́ tó wà lábẹ́ ṣe gbọ́dọ̀ fúyẹ́ tó. Kò lè mọ̀ bí òun ṣe ń kánjú jù. Ó lè rò pé ọmọ ń bá òun ṣeré, kó jẹ́ pé ọmọ náà ń sá fún un. Ní ọdún 2020 tí àrùn Kòrónà ti gbogbo ilé-ìwé pa, tí wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan ẹnìkejì, ìṣòro yìí hàn sí gbogbo ayé: ọmọ mìíràn lè wo olùkọ́ rẹ̀ lójú kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n ọmọ tí kò ríran tí kò gbọ́ràn kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tó wà nílé pẹ̀lú rẹ̀, ìyá tàbí ìyá àgbà, ló di olùkọ́. Olùkọ́ gidi wá ń kọ́ ìyá láti ọ̀nà jíjìn.

Ọgbọ́n tó wà nínú ìyẹn wúlò títí dòní. Bí olùkọ́ kan ní Òkákà bá ń kẹ́kọ̀ọ́ yìí, kò tó kó máa wo fídíò ẹlòmíràn nìkan. Kí ẹnìkan fi fóònù ká òun àti ọmọ náà fún ìṣẹ́jú márùn-ún, pẹ̀lú ìyọ̀ǹda òbí, kí ó fi ránṣẹ́ sí ẹni tó mọṣẹ́, kí ẹni náà sì sọ fún un pé ní ìṣẹ́jú kejì, ọmọ yẹn fẹ́ sọ nǹkan, o kò dúró gbọ́ ọ. Bí ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè: ẹni tó wà ní Massachusetts ní ìmọ̀, kò ní ọmọ náà níwájú, ẹni tó wà ní Òkákà ní ọmọ níwájú, kò ní ìmọ̀. Kí fídíò ọmọ náà má sì di ohun tí wọ́n ń pín kiri lórí WhatsApp. Ọmọ ènìyàn ni, kì í ṣe ìran wíwò.

Àwọn tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà yóò rí i pé nǹkan yìí kò ṣàjèjì. Láti 1976 ni ìjọba ti dá National Teachers' Institute, NTI, sílẹ̀ ní Kaduna. Mélòó nínú àwọn olùkọ́ Òkè-Ògùn ni kò gba Grade Two tàbí NCE wọn ní ọ̀nà yìí? Ìwé ni wọ́n ń kó fún wọn, wọ́n ń kà á nílé lẹ́yìn iṣẹ́ oko àti iṣẹ́ ilé-ìwé, lẹ́yìn náà wọ́n á lọ pàdé olùkọ́ wọn ní ibùdó tí wọ́n yàn. Bí kò bá sí ìpàdé yẹn, ìwé nìkan kò ní tó. Bí íntánẹ́ẹ̀tì bá gba ipò ìwé, tí kọ́lẹ́ẹ̀jì tó wà ní Ọ̀yọ́ sì gba ipò ibùdó ìpàdé, tí olùkọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin láti Òkákà, Òtù, Ìṣẹ́yìn àti Ṣakí lè lọ síbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan nígbà ọlidé láti fi ọwọ́ ara wọn kan iṣẹ́ náà, ọ̀nà tí Anne Sullivan gbà náà ni wọ́n ń gbà yẹn.

Àwọn ìdènà wà, wọn kò sì kéré. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo ẹ̀kọ́ náà, èyí kò ba olùkọ́ lẹ́rù, ṣùgbọ́n ìyá ọmọ ńkọ́, ẹni tó ń wà pẹ̀lú ọmọ ní wákàtí tó pọ̀ ju ti olùkọ́ lọ? Ẹnìkan gbọ́dọ̀ sọ ọ́ ní Yorùbá fún un, kó sì fi hàn án. Fídíò máa ń jẹ dátà ju ọ̀rọ̀ lásán lọ, owó oṣù tíṣà sì ni yóò ti yọ ọ́ bí ìjọba kò bá dá sí i. Níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò bá dúró, ó sàn kí ẹnìkan gbà á sílẹ̀ ní Ìṣẹ́yìn, kó gbé e wá nínú fóònù. Èdè ọwọ́ tó wà nínú àwọn fídíò náà jẹ́ ti Amẹ́ríkà. Èyí kò burú tó bí a ṣe lè rò, nítorí Andrew Foster, ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú tí yírùnyírùn sọ di adití ní ọmọ ọdún 11, tó dá ilé-ìwé adití sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1960, ti mú èdè ọwọ́ ti Amẹ́ríkà wá, àwọn adití wa sì ń lò ó, pẹ̀lú àwọn àmì tiwọn tí wọ́n fi kún un.

Ìdènà tó le jù ni iye ọmọ. Ìjọba lè sọ pé ọmọ kan ṣoṣo ni ẹ ní ní Òkákà, ṣé nítorí ọmọ kan la ó ṣe máa san owó olùkọ́ kan? Òfin ti dáhùn ìbéèrè náà. Òfin tó dènà ìyàsọ́tọ̀ àwọn tó ní àbùkù ara, ti ọdún 2018, tí ààrẹ ìgbà náà, Muhammadu Buhari, bu ọwọ́ lù ní oṣù kìíní ọdún 2019, sọ pé ilé-ìwé ìjọba kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní, ó kéré tán, òṣìṣẹ́ kan tó kọ́ nípa títọ́jú ẹ̀kọ́ irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀. Kò sọ pé bí wọ́n bá pọ̀. Ó sì tún sọ pé ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ni tiwọn títí wọn yóò fi jáde ilé-ìwé girama. Òfin tó dé Àbújá kì í fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn dé Òtù, àmọ́ ẹni tó bá mú un lọ́wọ́ lọ sí ọ́fíìsì ẹ̀kọ́ ìjọba ìbílẹ̀ kò lọ tọrọ báárà.

Òbí tó bá fura sí ọmọ rẹ̀ kò gbọdọ̀ dúró de olùkọ́. Bí ọmọ oṣù mẹ́ta kò bá tẹ̀ lé ojú ìyá rẹ̀, tí ariwo ìlẹ̀kùn tó gbá kò sì jí i, kí wọ́n gbé e lọ sí ilé-ìwòsàn, kí wọ́n sì sọ fún dókítà pé kó wo ojú àti etí rẹ̀ méjèèjì, nítorí pé ẹni tó bá rí àbùkù kan máa ń gbàgbé láti wá èkejì. Ilé-ìwòsàn ńlá UCH ní Ìbàdàn ní dókítà ojú, ó sì ní ti etí. Nǹkan funfun tó bo ẹyinjú ọmọ ṣeé yọ kúrò, bí wọ́n bá sì tètè yọ ọ́, ọmọ náà lè ní ojú díẹ̀ tí olùkọ́ rẹ̀ yóò rí lò. Kí ọjọ́ ilé-ìwòsàn tó pé, ẹ̀gbà ọwọ́ wà lọ́wọ́ ìyá, kàn-ìn-kàn-ìn wà nínú garawa.